Orin mélòó gan-an ló wà nínú àwo Blind Faith, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Bìrìtìkó?

Mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá àwo náà lórí fóònù rẹ̀ lónìí lè bá orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀. Ẹni tó ní síídì tí wọ́n tẹ̀ ní 1986 yóò ka mẹ́jọ. Ẹlòmíràn á búra pé àwo méjì ni ẹgbẹ́ náà ṣe, torí pé ó ti rí páálí oríṣi méjì tí àwòrán ara wọn kò jọra rárá. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Àwo kan ṣoṣo ni Blind Faith ṣe láyé wọn, ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, kí oṣù náà sì tó parí, ẹgbẹ́ ti ṣeré ìkẹyìn. Púpọ̀ nínú ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fi kún un nígbà tí ẹgbẹ́ ti túká tipẹ́.

Àwọn wo ni wọ́n?

Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, kò sì sí èyí tí kì í ṣe gbajúmọ̀ níbi tó ti wá. Eric Clapton tó ń ta gìtá àti Ginger Baker tó ń lu ìlù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream ni. Cream ṣeré ìdágbére wọn ní Royal Albert Hall, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1968. Steve Winwood ló ni ohùn tí ẹ ń gbọ́ jù lórí àwo náà. Òun náà ló ń tẹ ọ́gàn àti dùùrù, ó sì máa ń mú gìtá. Inú ẹgbẹ́ Traffic ló ti wá, ìyẹn túká ní ìbẹ̀rẹ̀ 1969. Ọmọ ọdún 21 ni lọ́dún náà, Clapton jẹ́ 24. Ẹni kẹrin ni Ric Grech, oní-gìtá béèsì tó tún mọ fáyólìn ta, tó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Family sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn àjò orin ní Amẹ́ríkà.

Clapton àti Winwood ló kọ́kọ́ jọ ń ṣeré nílé ara wọn ní Surrey àti Berkshire, wọ́n kàn ń lu ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Baker ló wá bá wọn. Inú Winwood dùn sí i. Clapton lọ́ra díẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun àti Baker bá tún ti wà pa pọ̀, Cream ni gbogbo ayé á máa wò lójú wọn. Ohun tó bẹ̀rù yẹn ló ṣẹlẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn mánéjà wọn sọ́kàn, torí ó wà lára ìdí tí orúkọ ilé iṣẹ́ fi pọ̀ lórí àwo kan ṣoṣo. Robert Stigwood ló ń bójú tó Clapton àti Baker. Chris Blackwell tó ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Island ló ń bójú tó Winwood. Polydor ló gbé àwo náà jáde ní Bìrìtìkó, Atco ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, Island sì yọ̀ǹda Winwood fún wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀dà tó jẹ́ Polydor àti ẹ̀dà tó jẹ́ Atco, ẹ má rò pé ọ̀kan jẹ́ ayédèrú. Ohun kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì.

Orin mẹ́fà náà

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbohùnsílẹ̀ ní oṣù kejì, wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1969, ní sítúdíò Morgan àti Olympic ní Lọ́ńdọ̀nù. Jimmy Miller, tó ti bá Traffic ṣiṣẹ́ rí, ni prodúsà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 42, ojú kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú.

Wọ́n máa ń ka àwo yìí mọ́ hard rock. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Hard rock ti ìgbà náà ni orin tí gìtá iná gbé lẹ́sẹ̀: wọ́n á yí áńpù sókè débi tí ohùn gìtá á fi máa ha, gìtá náà á máa tún gbólóhùn kúkúrú kan pè ní àpètúnpè, béèsì á lẹ̀ mọ́ ọn, ìlù á sì máa bọ̀ lẹ́yìn gbọ̀n-gbọ̀n. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n yìí wọn orin mẹ́fà náà, àkọ́kọ́ nìkan ló yege pátápátá. Àwọn yòókù yege ní ibì kan, wọ́n ya ẹ̀yìn ní ibòmíràn. Ẹni tó bá ra àwo náà torí pé wọ́n sọ fún un pé “Cream tuntun” ni, ó dájú pé orin kejì máa yà á lẹ́nu.

Orin àkọ́kọ́ ni “Had to Cry Today”, ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Winwood ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Gbólóhùn gìtá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń darí orin náà dópin. Níbi tó ti ń lọ sópin, gìtá méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, wọ́n ń já lu ara wọn. Ẹ lo gbohùngbohùn etí méjì fún ibẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá fi gbohùngbohùn ara fóònù gbọ́ ọ, àwọn gìtá méjèèjì á dà pọ̀ di ọ̀kan, ẹ ó wá máa rò pé ẹnì kan ló ń ta á tí ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀.

Èkejì ni “Can't Find My Way Home”, Winwood náà ló ni í. Gìtá onígi ló wà níbẹ̀, kò sí áńpù tó ń ha. Baker tí gbogbo ayé mọ̀ sí alárìíwo rọra fọwọ́ kan ìlù rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú yàrá kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lé díẹ̀ ni. Ohùn Winwood lọ sókè gan-an níbẹ̀. Nínú orin mẹ́fà náà, èyí ni àwọn olórin mìíràn tún kọ jù lẹ́yìn náà.

“Well All Right” kì í ṣe tiwọn. Buddy Holly àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ló ni í láti àwọn ọdún 1950. Orúkọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀ lórí àwo: Petty, Holly, Allison àti Mauldin. Blind Faith fi ìlù tó wúwo àti dùùrù kún un. Ó dùn, ṣùgbọ́n òun ló rọrùn jù láti gbàgbé nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Orin tó parí ojú kìíní ni “Presence of the Lord”. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Clapton ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì ṣètò ohùn rẹ̀, kò sì tíì dá orin kankan kọ tán fúnra rẹ̀ ṣáájú èyí. Àmọ́ ohùn Winwood lẹ ń gbọ́ lórí àwo, torí Clapton kò tíì gbára lé ohùn ara rẹ̀ nígbà náà. Orin náà ń lọ pẹ̀lẹ́ bí orin ìjọ, pẹ̀lú ọ́gàn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ó dúró wúyẹ́, ìlù sáré, Clapton sì tẹ pẹ́dà wah-wah mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ẹsẹ̀ ni pẹ́dà yìí: bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ohùn tín-ín-rín inú gìtá á máa yọ, á sì tún máa wọlẹ̀, á dà bí ẹnu èèyàn tó ń là tó ń pa dé. Lẹ́yìn náà, orin padà sí pẹ̀lẹ́ tó ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí hard rock àti orin ìjọsìn ṣe lè wà nínú ilé kan náà láìjà, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ojú kejì kò ní ju orin méjì lọ. “Sea of Joy” ti Winwood ló ṣáájú, ibẹ̀ ni Grech ti gbé fáyólìn jáde. Àwọn tí kò ka ẹ̀yìn páálí máa ń rò pé wọ́n háyà ẹlòmíràn ni.

“Do What You Like” ló kẹ́yìn, Baker ló ni í, ó sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé díẹ̀. Òun làwọn kan ń fò, òun sì ló yẹ ká ṣàlàyé jù. Ìlù márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti ọ̀pọ̀ orin rọ́ọ̀kì. Ẹ ka 1, 2, 3, 4, 5 ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 láìdúró. Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin sí i á ṣì í lójú ẹsẹ̀, á sì máa ṣì í lọ, títí di ìpàtẹ́wọ́ kọkànlélógún tí òun àti ẹgbẹ́ á tún jọ pàdé ní 1. Ìdí ni pé mẹ́rin lọ́nà márùn-ún àti márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, ogún ni méjèèjì. Ìpàdé yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, wọ́n á rò pé àwọn ti mú un, lẹ́yìn náà yóò tún bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ètò orin náà rọrùn bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n: Winwood á kọrin, ọ́gàn á gba ipò, gìtá á tẹ̀ lé e, béèsì á tẹ̀ lé gìtá, ìlù á wá dá dúró. Gbogbo wọn á sì tún padà sí orin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ju pé wọ́n fẹ́ kí olúkúlùkù ní ààyè tirẹ̀. Àwọn kan tún sọ pé àìtó orin ni, pé ẹgbẹ́ tó ní orin púpọ̀ kò ní fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára ìṣẹ́jú 42 fún ẹyọ kan. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Kò ba orin náà jẹ́ o, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Mẹ́jọ ti ṣe jẹ́? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́?

Síídì tí wọ́n tẹ̀ ní 1986 fi orin méjì kún mẹ́fà: “Exchange and Mart” àti “Spending All My Days”. Ẹ gbọ́ wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí ohùn Winwood níbẹ̀, kò sí gìtá Clapton, kò sí ìlù Baker. Inú iṣẹ́ àdáṣe Grech tí kò parí ni wọ́n ti mú wọn. Èmi kì í ka àwọn méjì yìí mọ́ Blind Faith rárá. Bí síídì yẹn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa á lẹ́yìn orin kẹfà, ẹ ti gbọ́ àwo náà tán.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá láti inú ẹ̀dà oníṣíídì méjì tó jáde ní 2001. Èyí yàtọ̀, torí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Lórí síídì kìíní, àwo gangan ni orin 1 sí 6. Orin 7 sí 11 ni àfikún: “Sleeping in the Ground” lọ́nà méjì, ọ̀kan yára, ọ̀kan falẹ̀, “Can't Find My Way Home” tí wọ́n fi gìtá iná ta, “Time Winds”, àti “Acoustic Jam” tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Jam mẹ́rin ló wà lórí síídì kejì, gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan.

Kí ni jam? Kí àwọn olórin pé jọ, kí wọ́n gbà lórí ohùn kan àti bí ìlù á ṣe sáré tó, kí wọ́n wá máa lù ú lọ láìsí ọ̀rọ̀ orin, láìsí ibi tí wọ́n sọ pé ó máa parí sí. Ó wà fún ìfọwọ́mọwọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é pé kí aráyé rà á. Grech kò tíì wọ ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n gba ti síídì kejì sílẹ̀, alálejò kan ló ń lu ìlù ọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Blind Faith láti síídì kejì á rò pé ẹgbẹ́ tí kò ní orin ni. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ “Change of Address Jam”. Orúkọ yẹn ṣàjèjì, àmọ́ ó nídìí: Island fi orin aláìlọ́rọ̀ kan kéde nígbà náà pé àwọn ń kó ọ́fíìsì lọ síbòmíràn.

Lórí fóònù, ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni pé áàpù á da gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ sábẹ́ páálí kan, bí ẹ bá sì ti tẹ ìdàpọ̀-mọ́ra (shuffle), jam ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè kọ́kọ́ yọ. Ẹ pa ìdàpọ̀ yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí “Had to Cry Today”, kí ẹ dúró nígbà tí “Do What You Like” bá parí. Bí “Sleeping in the Ground” bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti jáde kúrò nínú àwo 1969.

Páálí méjì, àti abẹ́rẹ́ tó ń ha

Bob Seidemann ló ya àwòrán tó wà lórí páálí àkọ́kọ́. Òun ló pe àwòrán náà ní “Blind Faith”, Clapton sì mú orúkọ náà fún ẹgbẹ́. Wọn ò kọ ohunkóhun sójú páálí náà, kò sí orúkọ ẹgbẹ́, kò sí orúkọ àwo. Àwòrán náà jẹ́ ti ọmọdébìnrin kan tí wọn kò wọ aṣọ fún bó ṣe yẹ. Ó bí àríyànjiyàn lójú ẹsẹ̀, lójú tèmi kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ti lò ó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe páálí mìíràn tó ní fọ́tò ẹgbẹ́ fúnra wọn. Atco fi àmì yà wọ́n sọ́tọ̀: SD 33-304 A ni ti àwòrán àkọ́kọ́, SD 33-304 B ni ti fọ́tò ẹgbẹ́. Ti Polydor ní Bìrìtìkó ni 583 059. Orin mẹ́fà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà kankan sọ fún yín pé èyí ní orin tí tọ̀hún kò ní.

Bí ẹ bá ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti pẹ́, ẹ má fi ojú kìíní dán an wò nìkan. Ojú kejì ni kí ẹ gbọ́, apá ìparí rẹ̀ pàápàá. Ìdí rèé: rẹ́kọ́ọ̀dù ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyára yẹn kò sì yí padà. Àmọ́ ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń rìn ń kúrú bó ṣe ń sún mọ́ àárín. Ní etí òde, abẹ́rẹ́ ń kọjá lórí bíi sẹ̀ǹtímítà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí àárín, kò ju bíi 21 lọ. Ohùn kan náà ni wọ́n ní láti fún mọ́ ibi tí kò tó ìdajì àyè náà, ohùn tín-ín-rín bíi ti àwo ìlù onírin ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀. Lórí àwo yìí, ibi tí Baker ti ń dá ìlù lù ló bọ́ sí apá ibẹ̀. Bí olówó àkọ́kọ́ bá ti fi abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìlù onírin á máa dún “ṣáá” dípò kí ó dún “ṣíńṣín”. Kò sí fífọ̀ tó lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó kàn ń ta pá-pá, eruku lè jẹ́, ìyẹn ṣe é fọ̀. Ẹ tún wo ìwúwo apá abẹ́rẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù kan àti ààbọ̀ sí méjì. Bó bá fúyẹ́ jù, abẹ́rẹ́ á máa fò nínú ilà níbi tí ìlù bá ti le, ìfòfò yẹn sì ń jẹ rẹ́kọ́ọ̀dù ju ìwúwo díẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí kò sí èkejì?

Wọ́n gbé wọn jáde kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré níwájú èrò, ní Hyde Park, lọ́fẹ̀ẹ́, èrò tó wá sì tó nǹkan bí 100,000. Àwo kò tíì jáde, ìgbohùnsílẹ̀ pàápàá kò tíì parí. Àwọn orin mẹ́fà náà ni wọ́n lù, pẹ̀lú “Sleeping in the Ground”, orin Traffic kan àti orin Rolling Stones kan. Ẹ wò ó: ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní ńlá, orin tirẹ̀ kò tó kún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì kọjá sí Amẹ́ríkà.

Eré àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà wáyé ní Madison Square Garden, New York, lọ́jọ́ 12 oṣù keje. Rògbòdìyàn bẹ́ láàárín èrò àti ọlọ́pàá níbẹ̀. Láti ìlú dé ìlú, inú gbọ̀ngàn ńláńlá ni wọ́n ti ń ṣeré, ariwo orin Cream ni èrò sì ń pa. Wọ́n fi “Sunshine of Your Love”, orin Cream, sí i kí ara lè tù wọ́n. Ibi tí Clapton bẹ̀rù ló bọ́ sí yẹn. Ẹgbẹ́ Delaney & Bonnie ló ń ṣeré ṣáájú wọn, ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni Clapton sì ń lọ jókòó sí, torí wọn kò gbé ara wọn ga, ẹnikẹ́ni kò sì retí Cream lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni eré ìkẹyìn, ní Hawaii. Àwo náà gba ipò kìíní ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà. Owó kọ́ ló lé wọn lọ.

Winwood padà sí Traffic, Clapton dá Derek and the Dominos sílẹ̀ ní 1970. Níbí ni ìdàrúdàpọ̀ mìíràn ti wá, torí wọ́n kó orin Blind Faith dání. “Presence of the Lord” wà lórí àwo eré ìta-gbangba tí Derek and the Dominos ní, Clapton ló sì kọ ọ́ níbẹ̀. Orin yẹn àti “Can't Find My Way Home” tún wà lórí àwo eré ìta-gbangba tí Clapton gbé jáde ní 1975. Ní oṣù kejì 2008, Clapton àti Winwood padà sí Madison Square Garden, wọ́n sì lu mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà: “Had to Cry Today”, “Presence of the Lord”, “Well All Right” àti “Can't Find My Way Home”. Ó jáde ní 2009. Blind Faith kọ́ nìyẹn. Grech ti kú láti 1990, Baker kò sì sí níbẹ̀.

Ọ̀nà Èkó

Ẹni tí Blind Faith gbé dé ọ̀dọ̀ wa ni Baker. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìlù Áfíríkà kiri: Phil Seamen, onílù Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi rẹ́kọ́ọ̀dù ìlù Áfíríkà hàn án nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Kété tí Blind Faith túká, ó kó ẹgbẹ́ ńlá kan jọ tó pè ní Ginger Baker's Air Force. Winwood àti Grech wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, Remi Kabaka, onílù ará Nàìjíríà, náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Winwood lọ tán, Joni Haastrup, ọmọ Nàìjíríà, ló jókòó sídìí dùùrù nínú ìrìn àjò wọn ní Bìrìtìkó ní 1971. Àga Winwood gan-an ló jókòó sí, ẹ̀yìn ìyẹn ló sì dá ẹgbẹ́ MonoMono sílẹ̀ nílé.

Baker gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá pẹ̀lú ọkọ̀ Range Rover wá sí Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ kan tó kó jọ ní Èkó, Salt, ní Berkley Jones àti Laolu Akins nínú. Àwọn méjì yìí àti Mike Odumosu ló wá di BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ń dún bí hard rock ní Èkó ní 1973. Ní ọdún 1973 yẹn náà ni Baker ṣí sítúdíò ARC ní Ìkẹjà. Nígbà tí Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles rí, wá gba àwo rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún náà, sítúdíò EMI ní Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, ARC ló sì ti gba “Picasso's Last Words” sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ARC ló ti ṣe gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí ọwọ́ Baker ṣe yí padà láàárín ọdún méjì, ẹ gbọ́ ìlù inú “Do What You Like”, kí ẹ wá gbọ́ àwo tí òun àti Fela ṣe ní 1971 tí wọ́n ń pè ní Live!. Lórí ti Blind Faith, òun nìkan ló ń fi gbogbo ara sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìlù ẹsẹ̀ méjì. Lórí ti Fela, Tony Allen, onílù Fela, ló ń di ìpìlẹ̀ mú, Baker sì ní láti wá ibi tí òun lè gbà wọlé. Ẹ̀dà síídì àwo yẹn tún ní ìlù ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kan níbi tí àwọn méjèèjì ti ń lù pa pọ̀. Ní Berlin ni wọ́n ti gba ìyẹn sílẹ̀ ní 1978, kò sí lórí rẹ́kọ́ọ̀dù ti 1971.